Omi Bílíìṣì Nínú Ilé Apẹja

Sur, Oman
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 1997

Azzan ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé nínú òtútù Glasgow yẹn. Ara mi le. Má tún sọ fún mi pé kí n lọ sílé Ìyá Ghalib lọ gba fóònù. Tí mo bá gbé nǹkan yẹn sétí, gbogbo ará ilé rẹ̀ á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, ìwọ náà á máa pariwo "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" títí owó rẹ á fi tán. Lẹ́tà dára. Kò sẹ́ni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu nínú rẹ̀.

Ìròyìn kan wà, kò dáa. Àwọn ẹja ìyá rẹ ti kú. Mo mọ̀ pé ìwọ lo ra àpótí dígí tí wọ́n ń gbé yẹn fún un, mo sì mọ̀ pé o máa ní bàbá rẹ ò bìkítà. Mo bìkítà. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni mo ti ń fún wọn lóúnjẹ láràárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mo sì ń pọn omi òkun tuntun wá fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i tí nǹkan funfun wínníwínní yọ sí wọn lára, bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ wọ́n wọn. Wọ́n ń fi ara ha òkúta. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, àwọn aláwọ̀ búlúù ti léfòó, àwọn yòókù sì tẹ̀lé wọn.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, Arusa, ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ìgbànú funfun, èyí tí ìyá rẹ máa ń kí láàárọ̀ kó tó kí mi. Mo ti gbé e kúrò níbẹ̀. Inú ọpọ́n ike ńlá tí a fi ń rẹ ẹja sínú iyọ̀ ló wà báyìí. Mo ti fọ ọpọ́n náà dáadáa, síbẹ̀ ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo pa àwọn yòókù.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń pa ẹja, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀mí ẹja sí. Àwọn ará etí òkun ti gbọ́, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Sinan tí a jọ ń pa ẹja ní kí n din èyí tó kù, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ìwọ mọ Sinan, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í sọ.

Sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Má jẹ́ kí èyí kú mọ́ mi lọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ nínú ilé yìí, òun nìkan ló ń mí.

Ọmọ Masoud ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo fi kọfí àti ọsàn wẹ́wẹ́ gbígbẹ rán an sí ọ. Wọ ẹ̀wù tó nípọn.

Bàbá rẹ,
Khalfan


Glasgow
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọdún 1997

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo fẹnu ko orí yín láti ọ̀nà jíjìn. Kọfí yín dé. Ọjọ́ tí mo sè é, onílé mi kan ilẹ̀kùn, ó ní kí ló ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Mo bu ife kan fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò dùn, ó sì mu ú tán.

Ẹ kú ìdúró ti àwọn ẹja náà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta ẹja òkun láàyè nítòsí ibi iṣẹ́ mi, mo ka lẹ́tà yín fún un. Ó ní àrùn yẹn kì í dúró sára ẹja nìkan. Á jábọ́, á lọ sápamọ́ sínú iyanrìn àti sára òkúta, á sì bí ọmọ síbẹ̀. Fún Arusa, ẹ wá ọpọ́n kejì. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé e bọ́ sínú èkejì pẹ̀lú omi tuntun, kí ẹ sá èyí tó kúrò níbẹ̀ sóòrùn kó gbẹ pátápátá. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi mọ́.

Ní ti àpótí, ohun kan ló kù tí a lè ṣe sí i, bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ni. Ẹ da iyanrìn inú rẹ̀ nù. Ẹ fi omi lásán kún un, kí òkúta àti ẹ̀rọ tó ń yí omi po wà nínú rẹ̀, kí ẹ wá bu bílíìṣì sí i, bí ife kan sí kẹ́ẹ̀gì omi ńlá méjì. Kí ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ da á nù, ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sá gbogbo rẹ̀ títí tí imú ò fi ní gbọ́ òórùn bílíìṣì mọ́. Ẹ ṣí fèrèsé o. Ẹ má da nǹkan míì pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì ra èyí tí wọ́n fi lọ́fíńdà sí, nítorí lọ́fíńdà kì í tètè kúrò lára dígí.

Tí ẹ bá ti ṣèyẹn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ àpótí náà lákọ̀tun, kí Arusa padà sílé. Tí ẹ ò bá ṣe é, kò níbi tó máa padà sí, kò sì lè pẹ́ nínú ọpọ́n. Ooru ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Kò le rárá, Bàbá. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Ọmọ yín,
Azzan


Sur
Ogúnjọ́ oṣù kẹrin, ọdún 1997

Azzan,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. Ọgbọ́n ọpọ́n méjì yẹn ṣiṣẹ́, ara Arusa ti mọ́, ó ti ń jẹun. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n bílíìṣì? Nínú ilé mi?

Ìwọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà tí àwọn ọkùnrin kan gbé ìgò bílíìṣì wá sí Mukhayla, ibi tí a ti máa ń pa ẹja. Wọ́n ń fún un sínú ihò àpáta iyùn inú òkun kí alákàsà lè sá jáde. Alákàsà sá jáde lóòótọ́. Gbogbo ohun tí kò lẹ́sẹ̀ láti sá ló kú síbẹ̀. Nígbà tí èmi àti Sinan máa fi padà débẹ̀, àpáta tó pupa, tó tún ní àwọ̀ ewé, ti funfun báláú bí egungun. Títí dòní, ẹja kì í sùn níbẹ̀. Mo wọ́ ọ̀kan nínú wọn jáde nínú omi, mo fọ́ ọ létí, wọ́n sì mú mi lọ sọ́dọ̀ wálì, aṣojú ìjọba nílùú wa. Iwájú wálì ni mo ti fi Ọlọ́run búra pé bílíìṣì kò ní wọ ilé mi níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè.

Ìyá rẹ kò bá mi jiyàn. Láti ọjọ́ yẹn, oòrùn àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi ń fọ gbogbo ẹ̀wù gígùn díṣídáṣà mi funfun, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa bó. O lè rántí ọwọ́ rẹ̀. Ṣé nígbà tó ti lọ ni mo wá fẹ́ gbé e wọlé?

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. O ní ìwé, èmi ní ohun tí mo fojú ara mi rí. Bi ọkùnrin ẹlẹ́ja rẹ bóyá ọ̀nà míì wà.

Bàbá rẹ


Glasgow
Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún, ọdún 1997

Bàbá mi,

Mo kí yín. N kò mọ̀ nípa ìbúra yẹn. Ìyá ò sọ fún mi rí pé ìdí tí ọwọ́ àwọn fi ń bó nìyẹn.

Mo bi ọkùnrin náà. Ó ní tí ẹ bá fi àpótí sílẹ̀ láìsí ẹja nínú rẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, àrùn náà lè kú fúnra rẹ̀. Ó ní "lè". Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ti jẹrà pọ̀ mọ́ òkú ẹja, òun ò sì ní dá ẹja òun padà sínú irú rẹ̀ láìlo bílíìṣì. Àpótí dígí kì í ṣe òkun, Bàbá. Kò sí alákàsà kan tí ẹ máa lé jáde níbẹ̀. Kò sí ohun alààyè kan níbẹ̀ mọ́ àfi àrùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Ó dà bíi pé ìbúra yẹn ti bá yín rí àwáwí tí ẹ ti ń wá. Ẹ ò fẹ́ràn àpótí yẹn rí. "Òkun àwọn ọ̀lẹ" ni ẹ pè é lọ́jọ́ tí mo gbé e wọlé. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin sì ń béèrè èwo nínú àwọn ẹja náà ló ṣeé jẹ. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ ti pinnu, ẹ má jẹ́ kí ẹja náà jìyà nínú ọpọ́n. Ẹ gbé e padà sókun, kí ọ̀rọ̀ parí.

Ọmọ yín,
Azzan


Glasgow
Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, ọdún 1997

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

N kò rí èsì yín. Lákọ̀ọ́kọ́ mo ní iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló fà á. Ìgbà tó yá mo jáwọ́ nínú irọ́ tí mò ń pa fún ara mi.

Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà nínú apó, mo sì mọ irú èyí tí mo sọ. Mo pe ilé Ìyá Ghalib. Ó ní ara yín le, ẹ ń lọ sí mọ́sálásí, ẹ ń pọn omi òkun wá láràárọ̀. Mo ní kó bá mi pè yín. Ó lọ, ó sì padà wá, ó ní, "Bàbá rẹ ní òun ń sùn." Mo ní, "Ṣé wọ́n ń sùn lóòótọ́?" Ó ní, "Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ó tún ní ooru ti mú gan-an, ẹ ń fi aṣọ tútù bo ọpọ́n, Arusa ò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣáà ti kọ̀wé.

Azzan yín


Glasgow
Ọjọ́ kẹwàá oṣù keje, ọdún 1997

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ń pa ọ̀rọ̀ kan mọ́ fún Ìyá. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé tí n kò bá sọ ọ́ báyìí, kò sí ìgbà tó máa wúlò mọ́. Kí wọ́n dárí jì mí níbi tí wọ́n wà.

Ẹ rántí ọdún tí mo wá sílé, tí mo gbé ẹ̀yin méjèèjì lọ sí Muscat nítorí ojú tó ń dun Ìyá. A gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹja láàyè. Ẹ̀yin wà nínú mọ́tò. Ìyá dúró síwájú dígí kan, wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá ń dúró."

Wọ́n ní, "Jẹ́ kó dúró. Mo ti dúró dè é rí."

Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ kan dígí náà, wọ́n ní, "Azzan, ṣé bí ibẹ̀ ṣe rí nìyí?"

Mo ní, "Ibo?"

"Ibi tí bàbá rẹ ń lọ. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi ló ti ń lọ síbẹ̀. Orí omi nìkan ni mo mọ̀, n kò mọ abẹ́ rẹ̀. Tí mo bá bi í pé báwo ni òkun lónìí, á ní òkun wà níbẹ̀. Ṣé ìdáhùn nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ mọ ibi tí ọkọ mi ń lọ kí n tó kú. Má sọ fún un o. Á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní kí ni obìnrin fẹ́ fi òkun ṣe."

Ìdí tí mo fi ra àpótí náà nìyẹn, Bàbá. Kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ̀yin ni wọ́n ń fi í wò.

N kò ní bẹ̀ yín mọ́ lórí bílíìṣì. Ìbúra yín wà láàárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.

Ọmọ yín,
Azzan


Sur
Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, ọdún 1997

Azzan,

Lẹ́tà rẹ dé. Arusa ṣì wà. Má kọ òmíràn títí wàá fi gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mi.

Bàbá rẹ


Sur
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, ọdún 1997

Azzan, ọmọ ìyá rẹ, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àti ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀, nítorí náà jókòó.

Inú bí mi sí ọ, n kò ní parọ́. Nígbà tí lẹ́tà ti ìyá rẹ wá dé, mo kà á nínú ilé, mo gbé e lọ sétí òkun, mo tún un kà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ bá ìmáàmù. Mo ní, "Mo búra, mo sì fẹ́ yẹ ìbúra náà." Ó ní ẹni tó bá búra lé nǹkan, tó wá rí ohun tó dára jù ú lọ, kó ṣe èyí tó dára, kó sì bọ́ tálákà mẹ́wàá. Ó bi mí pé kí ni mo búra lé. Mo ní bílíìṣì. Ó wojú mi títí, ó ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Mo se ìrẹsì àti ẹja fún ènìyàn mẹ́wàá. Èmi fúnra mi ni mo sè é, Ìyá Ghalib kàn ń bú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Sinan wá jókòó ṣe ẹni kọkànlá. Mo ní, "Ìwọ kì í ṣe tálákà." Ó ní, "Láti ìgbà tí a ti jọ ń pa ẹja, kí ni mo tún lè jẹ́?" Ó jẹ ju gbogbo wọn lọ.

Mo wá lọ ra bílíìṣì. Ọlọ́jà náà mọ̀ mí, ó mọ ọ̀rọ̀ Mukhayla. Ó ní, "Khalfan, ṣé ojú mi ló ń ṣe mí?" Mo ní kó gba owó rẹ̀ kó sì pa ẹnu dé. Abẹ́ aṣọ ni mo fi ìgò náà sí títí mo fi délé, bí ẹni tó jí i. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kí n tó wọlé. Mo ní, "Ìyá Azzan, má bínú o."

Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́. Mo da iyanrìn nù, mo fi omi kún un, mo bu bílíìṣì sí i, mo sì tan ẹ̀rọ náà. Mo jókòó tì í, mo ń wo àwọn òkúta. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń funfun. Bí Mukhayla ṣe funfun gan-an ni, àfi pé ọwọ́ tèmi ló ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò sunkún lọ́jọ́ tí a gbé ìyá rẹ lọ sí itẹ́ òkú. Àwọn èèyàn wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, mo sì ṣe sùúrù. Omijé ọjọ́ yẹn àti ti gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo sun síwájú àpótí náà. Ìyá Ghalib yọjú, ó ní, "Ẹ jáde síta jàre, òórùn bílíìṣì ti wọ̀ yín lójú." Mo ní òótọ́ ni.

N kò da omi náà sí gọ́tà o, nítorí inú òkun ni gọ́tà wa ń lọ. Mo gbẹ́ kòtò sínú iyanrìn lẹ́yìn ilé, ibi tó jìnnà sí kànga, mo sì fi kẹ́ẹ̀gì ru ú lọ síbẹ̀ kí oòrùn lè pa agbára rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí títí dòní. Àpótí náà gbẹ sínú oòrùn títí imú Ìyá Ghalib ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́, imú yẹn sì rèé, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sè ní òpópónà kejì.

Òkúta funfun yẹn ò wù mí láti dá padà síbẹ̀. Mo ní kí Sinan wa ọkọ̀ gbé mi jáde. Ó di okùn tí mo so mọ́ra mú, ó ní tí mo bá rì, òun ò ní sọ̀kalẹ̀ wá gbé arúgbó. Mo mòòkùn lọ sábẹ́ omi, Azzan. Àyà mi ò gba èémí tó bíi tàtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì mọ̀nà. Òkúta tó ti já fúnra rẹ̀ ni mo ń wá, n kò ṣẹ́ ọ̀kan. Mo ń mú wọn wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mò ń dá a padà tí kò bá wù mí. Ìgbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ nìkan ni mo fara balẹ̀ yan nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fi omi òkun tuntun sínú àpótí, mo fi àwọn òkúta náà sí i, mo sì fi í sílẹ̀ láìsí ẹja títí omi náà fi mọ́, tó sì dúró. Ìbẹ̀rù mi ni pé Arusa ò ní lè dúró dè é. Ó ti rù. Lánàá ni mo bù ú sínú ife ìyá rẹ, mo sì rọra tú u sínú àpótí. Ó dúró sójú kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá yí òkúta kan po, ó wọ ihò rẹ̀, ó yọ orí síta, ó sì jẹun lọ́wọ́ mi.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni ìyá rẹ ti máa ń gun orí òrùlé nírọ̀lẹ́, á máa wo ojú òkun títí ọkọ̀ mi á fi yọ. Àwọn apẹja yòókù ń jowú mi nítorí rẹ̀. Ọdún tí o gbé àpótí yìí wá ni kò gùn ún mọ́. Mo ń bọ̀ láti ojú òkun, mo gbójú sókè, n kò rí i lórí òrùlé. N kò bi í. Mo ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dúró dè mí. Mo gbé ìyẹn sínú títí a fi sin ín.

Lánàá, lẹ́yìn tí Arusa jẹun tán, mo jókòó síwájú dígí náà. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, ní àkókò yẹn gan-an. Azzan, kò rẹ̀ ẹ́. Ó ti rí ibi tí mo wà ni.

Bàbá rẹ,
Khalfan